Ààlè Ilé-Ẹjọ́: Ìtàn Páálí Ọjà tí a Fi Jọ ti Ẹlòmíràn, àti Èrè Ẹni tí ó Tàpá sí Àṣẹ

Nínú ìwé ọdọọdún wa yìí, ìtàn ọba, ìtàn ogun àti ìtàn bí àwọn baba wa ṣe tẹ ìlú dó ni a sábà máa ń kà. Lọ́tẹ̀ yìí, a fẹ́ kọ ìtàn ohun kan tí kò ní ìlù, tí kò sì ní oríkì, ṣùgbọ́n tí ó ń wọ ilé olúkúlùkù wa lójoojúmọ́. Èyí ni ìtàn páálí tí a fi ń di ọjà, àti ti ẹni tí ilé-ẹjọ́ wí fún pé kí ó má ṣe fi páálí tirẹ̀ jọ ti ẹlòmíràn mọ́, tí ó sì kọ etí ikún.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká wa lára kò jìnnà. Ìyá wa àgbà tí ó tọ́ wa dàgbà kò mọ̀ ọ́n kọ, kò sì mọ̀ ọ́n kà. Bí ó bá fẹ́ rán wa lọ́jà, kò ní dárúkọ ohun tí a ó rà, òfìfo páálí ti tẹ́lẹ̀ ni yóò fi lé wa lọ́wọ́, yóò sì wí pé, "Èyí tí ó bá jọ èyí ni kí o rà wá, má ra òmíràn o." Ní ọjọ́ kan, a ra oògùn orí fífọ́ bọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ àti ìlà ara rẹ̀ bá ti páálí ọwọ́ wa mu rẹ́gí. Àwa tí a ti wà ní ilé-ìwé kò ka orúkọ tí ó wà lára rẹ̀, nítorí pé àwòrán ni a rán wa, a kò rán wa ní ìwé. Ìyá lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta, orí fífọ́ náà kò lọ. Ní ọjọ́ kẹrin ni ẹ̀gbọ́n wa kan tí ó ti ìrìn-àjò dé gbé páálí méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí ó sì rí i pé lẹ́tà méjì péré ni ó yàtọ̀ nínú orúkọ wọn. Ìyá kò bínú sí wa. Ohun kan ṣoṣo tí ó wí ni pé, "Ojú mi ni wọ́n jí." A kò gbàgbé gbólóhùn náà títí di òní.

Òótọ́ sì ni ó sọ. Ìwé ẹni tí kò mọ̀wé ni àwọ̀, àwòrán àti bí a ṣe di ọjà. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ wa tí ó gbọ́n ti mọ èyí tipẹ́. Ẹ wo oògùn Alábùkún, tí olóògbé Jacob Odulate, ọmọ Ìkòròdú tí ó fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1918. Àwòrán ojú ọkùnrin náà wà lára ìwé tí a fi ń wé oògùn rẹ̀. Ẹni tí kò mọ A yàtọ̀ sí B mọ ojú náà, ó sì gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá ṣe àwòkọ irú páálí bẹ́ẹ̀ kò jí ọjà olówó nìkan. Ó jí ojú tí tálákà fi ń ríran lọ́jà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ja irú ìjà yìí ṣáájú wa. Ọ̀kan nínú àwọn ẹjọ́ tí ó fi ẹsẹ̀ òfin náà múlẹ̀ wáyé ní ilẹ̀ wọn, lórí ọṣẹ tí gbogbo wa mọ̀, èyí ni Sunlight. Kí ó tó di ìgbà náà, ọṣẹ gbọọrọ bí ọ̀pá ni àwọn oníṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ń tà. Wọn a fi ọ̀bẹ gé iye tí oníbàárà bá fẹ́, wọn a sì wọ̀n ọ́n fún un, láìsí ẹni tí yóò bèèrè orúkọ ẹni tí ó sè é. Ní 1884, William Hesketh Lever, ọmọ oníṣòwò kan ní ìlú Bolton, gba orúkọ Sunlight fún ọṣẹ rẹ̀. Ó gé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó wé e sínú ìwé tí a tẹ ọ̀rọ̀ sí lára, ó sì polówó rẹ̀ káàkiri. Láìpẹ́, àwọn ìyá ilé kò wí pé "ẹ gé ọṣẹ fún mi" mọ́. Sunlight ni wọ́n ń bèèrè.

Níbi tí oyin bá wà ni eṣinṣin ń bà sí. Àwọn kan tí ń ṣe ọṣẹ, tí orúkọ wọn ń jẹ́ Goodwin, rí i pé ọjà náà ń yá, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wé ọṣẹ tiwọn sínú irú ìwé kan náà. Lever ti kọ ọ́ sí ara ìwé tirẹ̀ pé ọṣẹ òun ń fọ aṣọ fúnra rẹ̀. Àwọn Goodwin kọ bákan náà sí ara tiwọn. Lever pè wọ́n lẹ́jọ́. Àwọn olùjẹ́jọ́ wí pé àwọn oníṣọ́ọ̀bù tí àwọn ń tà á fún mọ ẹni tí ó ni ọṣẹ dájúdájú, kò sì sí èyí tí a tàn jẹ nínú wọn. Adájọ́ Chitty, tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà, wo kọjá oníṣọ́ọ̀bù. Ó bèèrè bóyá ẹni tí ó ṣe ọṣẹ kò mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun ẹ̀tàn lé oníṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́, èyí tí yóò fi tan ẹni tí ó rà á kẹ́yìn jẹ. Ó dá Lever láre, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 1887. A pàṣẹ fún àwọn Goodwin pé kí wọ́n ṣíwọ́, kí wọ́n sì wá ṣírò èrè tí wọ́n ti jẹ lórí rẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé ẹni tí ó rà á kẹ́yìn ni ilé-ẹjọ́ náà rò, ìyẹn ìyá ilé tí ó dúró níwájú káńtà. Irú ìyá wa àgbà ni.

Ṣùgbọ́n àṣẹ ilé-ẹjọ́, kí ni í ṣe? Ìwé ni. Ìwé kò lọ́wọ́, kò sì lẹ́sẹ̀. Bí adájọ́ bá wí pé "má ṣe é mọ́," tí ẹni tí a wí fún sì padà sílé lọ ṣe é, kí ni ó kù? Àwọn baba wa ti dáhùn ìbéèrè yìí kí òyìnbó tó dé. Bí àgbẹ̀ kò bá fẹ́ kí a fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀, ààlè ni ó ń pa sí i. Yóò so ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo tàbí àkísà aṣọ kọ́ sí ara igi, yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Ìkarahun kò lè di olè mú. Ohun tí ó fún un ní agbára ni pé gbogbo ìlú mọ ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá fọwọ́ kan ohun tí a pààlè sí ti ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ méjì: ó jí nǹkan onínǹkan, ó sì tàbùkù sí ohun tí gbogbo ayé ń bọ̀wọ̀ fún. Ẹ̀ṣẹ̀ kejì ni ó wúwo jù. Àṣẹ ìdádúró tí ilé-ẹjọ́ ń pa kò ju ààlè lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sì kéré sí i.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ẹjọ́ tí a ń pè ní Chancery ni ó ń pa irú ààlè yìí látijọ́. Kò fi ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án lé òrìṣà lọ́wọ́; ẹ̀wọ̀n ni ó fi í sí. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Fleet ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ń kó irú wọn lọ, títí di 1842 tí a ti ọgbà náà pa. Àwọn kan nínú wọn kò jalè, wọn kò sì pànìyàn. Ohun tí Chancery ní kí wọ́n ṣe ni wọn kò ṣe. Ìjìyà náà sì ní àbùdá kan tí ó yẹ kí a mọ̀. Nínú ọ̀ràn báyìí, ìdí pàtàkì tí a fi ń ti ènìyàn mọ́lé ni láti mú kí ó gbọ́ràn. Bí ó bá ṣe ohun tí a wí, tí ó sì tọrọ àforíjì, ọ̀nà àbájáde ṣí sílẹ̀ fún un.

Òfin yìí ti dé ọ̀dọ̀ wa kí ọṣẹ Lever tó dé. Ní 1863, ọdún méjì lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ni a ti fi òfin Gẹ̀ẹ́sì lélẹ̀ níbẹ̀. Ní 1923 ni ilé-iṣẹ́ Lever dé sí Nàìjíríà, tí ó sì wá ń ṣe ọṣẹ ní Apápá. Lẹ́yìn tí a gba òmìnira, ìjọba tiwa ṣe Òfin Àmì-Ọjà ní 1965, èyí tí ó fi ẹ̀tọ́ àtijọ́ náà sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án: bí ẹnì kan kò bá tilẹ̀ fi orúkọ àmì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ó lè pe ẹni tí ń ta ọjà ara rẹ̀ bí ẹni pé tirẹ̀ ni lẹ́jọ́.

Ní 1972, irú ẹjọ́ yìí wáyé lórí súìtì. Ilé-iṣẹ́ Trebor ń ta súìtì mínǹtì, ilé-iṣẹ́ mìíràn sì mú tirẹ̀ jáde, ó pè é ní Supermint, ó sì wé e sínú ìwé tí ó jọ ti Trebor. Àwọn olùjẹ́jọ́ wí pé orúkọ méjèèjì hàn gbangba lára ìwé, nítorí náà kò sí bí ẹnikẹ́ni yóò ṣe ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ilé-ẹjọ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìjọra náà pọ̀ tó láti tan oníbàárà tí kò fura jẹ. Nígbà tí a kà nípa ẹjọ́ yìí, ìyá wa àgbà ni ó sọ sí wa lọ́kàn. Kí ni àǹfààní orúkọ gàdàgbà fún ẹni tí kò lè kà á?

Kí a má ṣe rò pé gbogbo ẹni tí a pè lẹ́jọ́ ni ó jẹ̀bi. Ilé-iṣẹ́ Ferodo, tí ń ṣe ohun èlò bíréèkì ọkọ̀, pe ilé-iṣẹ́ Ibeto lẹ́jọ́, ó ní páálí tirẹ̀ ni wọ́n fi ṣe àwòkọ. Ẹjọ́ náà lọ títí dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ní 2004 sì ni ilé-ẹjọ́ náà kọ̀ láti dá Ferodo láre. Ibeto borí, ṣùgbọ́n inú ilé-ẹjọ́ ni ó ti borí. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Ẹni tí ó gbà pé ọwọ́ òun mọ́ ní àyè láti sọ tẹnu rẹ̀, ó sì ní àyè láti pẹjọ́ sí iwájú. Ohun tí kò ní àyè láti ṣe ni kí ó fọwọ́ kan ààlè kí a tó ká a kúrò.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí fífọwọ́ kan ààlè ṣe rí ní ayé òde òní, kí ó wo ilẹ̀ Íńdíà. Ilẹ̀ náà wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan bíi tiwa, òfin ọjà wọn sì bá tiwa tan. Ọjà tí a ń wí ni káfúrà, èyí tí àwọn àgbà wa mọ̀ ní káfúrà pẹlẹbẹ, tí àwọn ará Íńdíà sì ń sun nígbà ìjọsìn. Ilé-iṣẹ́ Mangalam Organics pe Patanjali Ayurved, ilé-iṣẹ́ ńlá kan, lẹ́jọ́ ní ilé-ẹjọ́ gíga Bombay, ó ní ó ń ta káfúrà rẹ̀ lọ́nà tí àwọn ènìyàn yóò fi rò pé ti Mangalam ni. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ 2023, ilé-ẹjọ́ pàṣẹ ìdádúró: kí Patanjali má ṣe ta káfúrà náà mọ́ títí a ó fi gbọ́ ẹjọ́ tán.

Títà kò dáwọ́ dúró. Mangalam padà lọ sọ fún ilé-ẹjọ́. Ní oṣù kẹfà 2024, aṣojú Patanjali kan búra nínú ìwé, ó tọrọ àforíjì, ó sì jẹ́wọ́ pé lẹ́yìn tí àṣẹ jáde, àwọn ti kó káfúrà tí iye rẹ̀ tó 4,957,861 rúpì fún àwọn alátùntà. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje, adájọ́ ní kí wọ́n kó 5,000,000 rúpì wá sí ilé-ẹjọ́ ná. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, ó rí i pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tàpá sí àṣẹ ni, ó sì bù 40,000,000 rúpì mìíràn lé e. Ìdájọ́ adájọ́ kan ṣoṣo ni, ẹ̀tọ́ wà fún ilé-iṣẹ́ náà láti gbé e lọ sí iwájú àwọn adájọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ fi ojú olùkọ́ ìṣirò wò ó. Owó tí adájọ́ ní kí wọ́n san lé ní ìlọ́po mẹ́sàn-án iye ọjà tí wọ́n jẹ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì gbọ́ ẹjọ́ káfúrà fúnra rẹ̀ tán ní ọjọ́ náà! Kì í ṣe nítorí káfúrà ni a ṣe bu owó náà lé wọn, bí kò ṣe nítorí ààlè.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, ìlànà rẹ̀ kò ṣòro láti yé ni. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ bá ti pàṣẹ ìdádúró, a óò fi ìwé àṣẹ náà jíṣẹ́ fún ẹni tí ó kàn, pẹ̀lú ìwé kan tí àwọn agbẹjọ́rò ń pè ní Fọ́ọ̀mù 48. Ìwé ìkìlọ̀ ni. Ó ń wí fún un pé bí kò bá ṣe bí a ti wí, ẹ̀wọ̀n lè kàn án. Bí ó bá ṣì ń ṣe é, Fọ́ọ̀mù 49 yóò tẹ̀lé e, èyí tí ń pè é pé kí ó wá wí ìdí tí a kò fi ní tì í mọ́lé. Bí ilé-iṣẹ́ ni ó jẹ̀bi, a kò lè ti ilé-iṣẹ́ mọ́ inú àhámọ́, nítorí náà àwọn olùdarí rẹ̀ ni a ń wò. Ẹ rí i pé òfin kì í bá ènìyàn lójijì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ń kàn ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àwọn kékeré nìkan ni òfin yìí wà fún. Ní 1985, ìjọba ológun ìpínlẹ̀ Èkó lé Odumegwu Ojukwu kúrò nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀ lórí rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní kí a dá a padà síbẹ̀. Ìjọba kò dá a padà. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ni ó lọ, pé kí wọ́n dá àṣẹ náà dúró. Ní 1986, Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́, ọmọ Iléṣà, ni ó ka ìdájọ́ tí ó ṣíwájú: ẹni tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹjọ́ ṣe, tí ó sì ń tàpá sí ilé-ẹjọ́, kò lè wá tọrọ ojú rere lọ́wọ́ ilé-ẹjọ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ ilé ni ẹjọ́ yẹn dá lé lórí, kì í ṣe ti páálí, ṣùgbọ́n ààlè kan náà ni. Bí ìjọba tí ó ní ìbọn lọ́wọ́ kò bá rí ààyè fò ó, ta ni àwa tí a ní kìkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé?

A dárúkọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí ti wọ inú ilé. Àwọn ọmọ ìlú wa wà ní Ṣómólú tí wọ́n ń tẹ páálí àti ìwé ara ìgò fún ẹni tí ó bá mú owó wá. Àwọn mìíràn ń ṣe búrẹ́dì, omi inú ọ̀rá, ọṣẹ àti àgbo inú ìgò. Iṣẹ́ ọwọ́ tí ó ní iyì ni gbogbo wọn, àwa náà sì ń yangàn pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n a ti ń gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé, "Ẹ bá mi ṣe é kí ó jọ ti lágbájá." Ọ̀rọ̀ kékeré ni lẹ́nu, ẹjọ́ ńlá ni lẹ́yìn ọ̀la. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Páálí nìkan ni a lè fi jọra, ọdún tí ẹni àkọ́kọ́ fi kọ́ orúkọ rẹ̀ kò ṣe é tẹ̀ sórí ìwé.

Ohun kan sì wà tí ó yẹ kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ bá ara wa sọ láìfi bò. Bí ìwé kóòtù bá kan ọmọ wa, àṣà wa ni láti kó àwọn àgbà jọ, kí a lọ bẹ olùpẹjọ́. Àṣà rere ni. Àwọn baba wa wí pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́, nítorí náà kí a tètè bẹ̀bẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé iwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n bí àṣẹ bá ti jáde, ẹ̀bẹ̀ kò lè rọ́pò ìgbọràn mọ́. Olùpẹjọ́ lè gba ẹ̀bẹ̀ lórí ohun tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó pa ààlè. Bí a bá ń ṣe alágbàwí fún ọmọ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì ń tẹ páálí náà lóru, a ń fi irun funfun àwọn àgbà wa bo ẹ̀tàn mọ́lẹ̀ ni. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé: "Ǹjẹ́ o ti dáwọ́ dúró?" Bí ó bá ti dáwọ́ dúró, kí gbogbo ìlú tẹ̀lé e lọ, kí a gba agbẹjọ́rò fún un, kí ó sì sọ tẹnu rẹ̀ dé ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù bí ó bá gbà pé òun jàre. Bí kò bá tíì dáwọ́ dúró, kí a jókòó sílé wa.

Ìyá wa àgbà ti sùn, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Kò mọ Lever, kò mọ adájọ́ kankan, kò sì wọ ilé-ẹjọ́ rí títí ó fi kú. Síbẹ̀, gbogbo ohun tí àwọn adájọ́ ìlú Lọ́ńdọ̀nù, Èkó àti Bombay fi ọjọ́ púpọ̀ jiyàn lé lórí ni ó fi gbólóhùn kan sọ lórí àpótí ìdáná rẹ̀. Àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní ọjà wa lónìí, tí ọmọdé ń gbé òfìfo páálí lọ rajà fún. Kí a má ṣe jí ojú wọn.

Kí Ọlọ́run bù kún ìlú wa, kí ó sì jẹ́ kí orúkọ rere máa jẹ́ tiwa nílé àti lẹ́yìn odi. Àṣẹ.